Ẹ̀jẹ̀ Lára Búrẹ́dì Muzaffar

Èmi nìkan ló rí i. Ní gbogbo ìlú Kokand, láti ibùdókọ̀ ojú irin títí dé ẹ̀yìn ọjà ńlá, kò sí ojú míì tó rí ọjọ́ tí ọwọ́ Bàbá Tursunboy dúró sínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú palov, ìrẹsì ọlọ́ràá ilẹ̀ wa, tó ń dúró de ẹnu ènìyàn. Tí ẹ bá sọ ọ́ ládùúgbò wa, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi ṣubú sínú kòtò omi. Wọ́n mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan jókòó síwájú rẹ̀ rí, kó tó la ẹnu láti sọ pé òun ti yó, palov ti kọjá ọ̀fun rẹ̀, ó ti ń wá ọ̀nà inú.

Bàbá Tursunboy ni ẹ̀gbọ́n màmá mi. Òun ló ń se palov fún gbogbo ìgbéyàwó àdúgbò wa, ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tó ọmọ odó. Tó bá fẹ́ràn ẹ, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ìrẹsì, kárọ́ọ̀tì àti ọ̀rá ìrù àgùntàn jọ, á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ létí àwo, á sì tì í sí ẹ lẹ́nu. Ọmọ ilé ire kì í kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kọ ọwọ́ àgbà, kó kúkú lọ máa bá ràkúnmí gbé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀, àti inú ẹnu Bọ̀ọ̀dá Muzaffar.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Muzaffar. Nígbà tó ṣì kéré, eyín rẹ̀ ń bá ara wọn jà bí èrò tó fẹ́ wọ mọ́tò kan ṣoṣo. Màmá wa, Hosiyat, mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, wọ́n so wáyà mọ́ ọn lẹ́nu fún nǹkan bí ọdún méjì, nígbà tí wọ́n sì tú u, eyín ti tò bíi bíríkì ilé olówó. Màmá ń mú àwọn obìnrin wálé wá wò ó. Á ní, "Muzaffar, rẹ́rìn-ín fún ìyá yìí." Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń yà fọ́tò ìwé ìrìnnà.

Ṣùgbọ́n dókítà ti kìlọ̀ pé eyín máa ń rántí ilé rẹ̀ àtijọ́, tí wọn ò bá ṣọ́ ọ, á padà síbẹ̀. Ló bá fún un ní rọ́bà tín-ín-rín kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tó bá eyín mu bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń bá ẹsẹ̀ mu. Kó máa wọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru. Tó bá fẹ́ jẹun tàbí mu tíì gbígbóná, kó yọ ọ́. Tó bá jẹun tán, kó fọ eyín, kó fọ rọ́bà, kó tó dá a padà.

Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ilé wa á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó síbi aṣọ tí a tẹ́ oúnjẹ sí nílẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbààgbà onírùngbọ̀n funfun, táá wá ki ìka bọ ẹnu, táá fa nǹkan olómi itọ́ yọ? Muzaffar ò lè ṣe é. Ó ní ojú ń ti òun. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ń jẹun pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu. Nílé, á yọ ọ́. Lóde, níwájú àgbà, kò ní yọ ọ́ láé.

Ó ṣeé fara dà títí di ìgbà tí wọ́n mú un ní Tashkent láti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ojú irin ayára. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: gbogbo ọmọkùnrin orílẹ̀-èdè yìí ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ yẹn, bóyá mílíọ̀nù kan ló kọ ìdánwò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni kó yọjú. Tí kò bá yọjú, wọ́n á pe ẹni tó tẹ̀ lé e, ó parí. Nígbà tí ìròyìn tàn, gbogbo Kokand fẹ́ fún un ní palov ìdágbére. Lónìí ilé aládùúgbò, lọ́la ilé ọ̀rẹ́ bàbá wa, lọ́túnla ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó sì ń se palov níbi gbogbo, ta ni? Bàbá Tursunboy. Ta ló ń fi ọwọ́ bọ́ ọ? Òun náà ni.

Ìrẹsì á há sábẹ́ rọ́bà. Ọ̀rá á dì mọ́ èrìgì, ẹran pupa tó di eyín mú yẹn. Wọ́n á wá da tíì gbígbóná lé e lórí, tíì tó lè bó awọ àgùntàn. Rọ́bà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká létí, etí tó ká sì ń gún èrìgì rẹ̀ bí èékánná. Kò pẹ́, èrìgì wú, ó pọ́n bí inú èso pómégíránétì. Mo rí i tó ń tu ẹ̀jẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, tó sì ń yára da omi lé e kí Màmá má baà rí i.

Mo sọ fún un. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo sọ títí ahọ́n mi fi fẹ́ já. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ yọ nǹkan yìí tí ẹ bá ń jẹun." Ó ní òun máa tún un ṣe ní Tashkent. Mo ní kó fọ ibẹ̀ dáadáa nígbà náà. Ó ní tí òun bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án ló ń ṣẹ̀jẹ̀, nítorí náà òun ti ṣíwọ́ fífọ ibẹ̀. Ẹ wo irú ọpọlọ tó fẹ́ lọ wa ọkọ̀ ojú irin. Ibi tó dọ̀tí ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ìdọ̀tí sílẹ̀ kó sinmi.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ. Ọkọ̀ á gbéra lọ́sàn-án. Àpò rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Màmá sì gbé búrẹ́dì wá.

Nílé wa, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ fi eyín gé búrẹ́dì jẹ lẹ́ẹ̀kan. A óò fi èyí tó kù kọ́ sára ìṣó lára ògiri, á máa dúró dè é títí á fi padà wá jẹ ẹ́ tán. Búrẹ́dì kan ti wà lórí ìṣó tẹ́lẹ̀. Ti bàbá wa ni. Bàbá lọ kọ́ ilé ní Siberia nígbà tí mi ò tíì lè gun kẹ̀kẹ́, ó pè wá fún ìgbà díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dákẹ́. Búrẹ́dì yẹn ti le débi pé a lè fi pa ìkookò. Màmá máa ń nu eruku ara rẹ̀ nígbà Navruz, ọdún tuntun wa. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Muzaffar gé búrẹ́dì tirẹ̀. Kẹ́tùlù orí iná pariwo, Màmá yíjú sí i. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé búrẹ́dì kúrò lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ti yí gbogbo ibi tó gé ká. Àwa méjèèjì wo ara wa. Ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun.

Ẹlòmíì á máa gbọ̀n. Èmi kọ́. Mo ja búrẹ́dì gbà, mo tì í bọ inú ẹ̀wù mi, mo mú òmíràn nínú èyí tí Màmá tò sórí àwo, mo gé e lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbé e kọ́ sára ìṣó. Mànàmáná ò yá tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Màmá fi máa yíjú padà, mo ti ń fọn fèrè lẹ́nu bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Màmá wo búrẹ́dì. Ó sún mọ́ ọn. Ó tún sún mọ́ ọn.

"Ta ló gé eléyìí?"

"Bọ̀ọ̀dá ni."

"Zokir, eyín ọmọ mi tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tó gé búrẹ́dì yìí dà bí ọgbà tí ewúrẹ́ fò wọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹjọ́ mi ni? Wọn ò so wáyà mọ́ èmi lẹ́nu. Eyín tèmi kàn fẹ̀ díẹ̀ ni, ọkùnrin gidi ló sì ń ní irú ẹ̀. Mo ń fi í ṣí ìgò. Mo fi fa mọ́tò Damas Bàbá Tursunboy kúrò nínú ẹrẹ̀ rí, pẹ̀lú èrò nínú. Ṣùgbọ́n Màmá gbé búrẹ́dì kan sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi búra. Ìyẹn nìkan ni mi ò lè ṣe. Mo lè purọ́ fún ọlọ́pàá, mo lè purọ́ fún olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi búrẹ́dì búra èké, ebi ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀. Mo bá ki ọwọ́ bọ ẹ̀wù, mo fa èyí tó lẹ́jẹ̀ jáde.

Màmá ò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó jókòó sórí àpò Muzaffar, ó gbé búrẹ́dì náà lé itan, ó ní, "Kò níí lọ."

Bọ̀ọ̀dá mi ní èrìgì lásán ni. Màmá ní búrẹ́dì ti sọ̀rọ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kan búrẹ́dì ìrìn àjò kì í padà wá. Mo ní búrẹ́dì kì í sọ̀rọ̀. Ó ní kí n dákẹ́, pé irú èmi tí wọ́n fi eyín èké tan ìyá wọn jẹ náà ni ilẹ̀ ń gbé mì. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ fi orí gbá igi. Ọmọ kan yege láàárín mílíọ̀nù kan, ọ̀rá ìrù àgùntàn ló fẹ́ bà á jẹ́ fún un.

Nígbà yẹn ni Bàbá Tursunboy wọlé pé òun wá gbé wọn lọ síbi ọkọ̀. Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ dé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó mi orí, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé rọ́bà yẹn ló ń jẹ ọmọ náà lẹ́nu, kí wọ́n jù ú sínú iná. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Bọ̀ọ̀dá Muzaffar di ẹnu mú. Mo ní tí wọ́n bá jù ú, eyín á padà sí bó ṣe wà. Wọ́n ní ta ló bi mí. Ìgbà tí mo tẹnu mọ́ ọn pé kí dókítà fúnra rẹ̀ wí i ni wọ́n gbà pé ká lọ, kì í ṣe nítorí ìrìn àjò, nítorí kí Màmá lè bá dókítà jà ni.

A kó sínú Damas tó ń rùn bí ìkòkò palov. Màmá gbé búrẹ́dì ẹlẹ́jẹ̀ náà dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Dókítà Mavluda ò tíì dàgbà, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ bí ojú ẹni tó ti gbọ́ irọ́ púpọ̀ lẹ́nu àwọn tó la ẹnu fún un. Ó jẹ́ kí Màmá jà tán. Ó wo ẹnu Muzaffar. Ó gbé rọ́bà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ etí tó ká. Ó wá béèrè pẹ̀lẹ́ bóyá ó máa ń jẹun pẹ̀lú rẹ̀.

Muzaffar wo Bàbá Tursunboy. Bàbá Tursunboy wo òrùlé.

"Dáhùn dókítà," Màmá wí.

Tirela ìbá gun orí rẹ̀, kò ní dáhùn. Ìwọ̀sí ni kí èèyàn sọ níwájú àgbà pé ọwọ́ rẹ̀ ló kó bá òun. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ò ní dúró de ìtìjú ẹnikẹ́ni. Mo bá dìde.

"Ọwọ́ Bàbá ni," mo ní. "Ìgbàkígbà tí wọ́n bá bọ́ ọ, rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀. Palov ń sùn sábẹ́ rẹ̀ títí di àárọ̀. Tíì gbígbóná ló sì ká a létí."

Bàbá Tursunboy pọ́n bí tòmátì, ó ní ọwọ́ òun ti bọ́ ìdajì Kokand, kò sì sẹ́ni tí èrìgì rẹ̀ tíì kú. Dókítà ní ọwọ́ Bàbá mọ́, palov Bàbá dára, òun pàápàá jẹ ẹ́ níbi ìgbéyàwó àbúrò òun. Rọ́bà náà ò sì jẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó há sáàárín rọ́bà àti èrìgì ló ń jẹ ẹ́. Ó ti ń le bí òkúta nídìí eyín, èrìgì sì ń sá fún un. Tí wọ́n bá ju rọ́bà nù, eyín á padà kọlu ara wọn, ìdọ̀tí ò sì ní kúrò. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èrìgì á máa sún kúrò lára eyín, èyí tó bá sì ti sún lọ kì í sábà padà.

Ó fọ̀ ọ́. Ó ha òkúta yẹn kúrò, mo rí i lórí irin rẹ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó tó òkè Alay. Ó fi ẹ̀rọ kékeré gé etí rọ́bà tó ń gún un, ó sì kọ orúkọ dókítà kan ní Tashkent tó máa ṣe tuntun fún un. Ó ní tó bá ń fọ ibẹ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi máa dá.

Màmá ní kí wọ́n fún ọmọ náà ní búrẹ́dì kó tún gé níbẹ̀, kí òun rí i. Dókítà ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ha á ni, á ṣẹ̀jẹ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Màmá bá gbé àpò ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ó tán nìyẹn, òun ti gbọ́. Gbogbo àlàyé yẹn wọ etí ọ̀tún, ó gba etí òsì jáde. Ara mi ń hó. Mo ní báwo ni èèyàn ṣe máa ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́nu kó wá di pé ikú ń pè é. Mo ní ẹ wo èmi, mi ò ní rọ́bà, mi ò ní wáyà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì kan ẹnu mi gbẹ̀yìn, èrìgì mi le bí táyà.

Dókítà ní kí n wá jókòó.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ló fi kàn mí. Ó kàn fi kàn mí lásán ni. Mo rí ojú Màmá kí n tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu ara mi. Bàbá Tursunboy rẹ́rìn-ín, dókítà sì yíjú sí i pé ṣé òun náà á wá jókòó, ó bá gbé ẹnu dé kíá. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sórí iná.

Ó ní, "Ẹ gbé mi lọ sílé."

A délé, ó lọ tààrà sídìí ìṣó. Búrẹ́dì tí mo gé láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀, nítorí a kì í dá búrẹ́dì tí wọ́n ti gé padà sórí àwo. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó yí i síbi oòrùn. Ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Díẹ̀ ni, ó ti gbẹ, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Láàárọ̀, bí eyín mi ṣe rí ni gbogbo wa ń wò, kò sẹ́ni tó wo ẹ̀jẹ̀.

Màmá sọ ti bàbá wa náà kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, n kò rí i kó sọ ọ́ kalẹ̀ rí. Ó to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí itan.

"Ti bàbá yín mọ́ tónítóní," ó ní. "Mo wò ó dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Mo dúpẹ́. Síbẹ̀ kò padà." Ó fọwọ́ kan tèmi. "Ti Zokir lẹ́jẹ̀. Zokir ò sì kúrò nínú àgbàlá yìí."

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọmọ ológbò ilé wa fi gùn ún lẹ́sẹ̀ tó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó wá dìde, ó kọ́ ti bàbá wa padà sáyè rẹ̀, ó kọ́ ti Muzaffar sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Tèmi, ó jù ú sọ́wọ́ mi.

"Jẹ ẹ́ tán, kó o lọ fọ ẹnu ẹ. Muzaffar, gbé àpò ẹ."

Bí Damas yẹn ṣe sáré, ọkọ̀ òfurufú ìbá yà fún un. A bá ọkọ̀ ojú irin níbi tó ti ń mí gúlegúle. Màmá di ọwọ́ obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wo ọmọ òun títí dé Tashkent, obìnrin náà ń sọ pé ọkùnrin onírùngbọ̀n leléyìí. Àwọn èrò ń ti ara wọn. Ìgbà yẹn ni Bàbá Tursunboy fa abọ́ kan yọ lábẹ́ agbádá rẹ̀. Palov. Ẹ̀yin ènìyàn mi, lẹ́yìn gbogbo ohun tí dókítà wí! Ó kó o jọ, ó tẹ̀ ẹ́ létí abọ́, ó nawọ́.

Muzaffar gbé ọwọ́ sókè.

"Bàbá, ẹ dákun. Ẹ dúró ná."

Níwájú gbogbo ayé, ó ki ìka bọ ẹnu, ó fa rọ́bà jáde. Okùn itọ́ gùn láti ẹnu rẹ̀ dé ìka, oòrùn ń dán lára rẹ̀. Etí Muzaffar pọ́n fún ìtìjú. Ó fi rọ́bà sínú ike kékeré tí dókítà fún un, ó dé e, ó fi sápò. Kò yára. Fèrè ọkọ̀ dún, kò yára.

Ọwọ́ Bàbá Tursunboy sì dúró. Ó dúró sínú afẹ́fẹ́, ọ̀rá ń ṣàn gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wọnú ẹ̀wù, hóró ìrẹsì kan já bọ́ sórí bàtà rẹ̀, kò mira. Mo wo ojú rẹ̀. Ó dà bí ojú ọmọdé tí wọ́n ní kó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi wá la ẹnu, Bàbá Tursunboy sì fi palov náà sí i jẹ́jẹ́, ó kàn fi sí i ni, kò tì í. Ọkọ̀ gbéra.

Nísinsìnyí, ẹ lọ bi Bàbá Tursunboy. Ó ní òun bọ́ ọmọ òun bí òun ṣe ń bọ́ gbogbo ayé, irọ́ ni mò ń pa. Màmá ní òun ò rí nǹkan kan, ọwọ́ obìnrin ọkọ̀ lòun dì mú. Muzaffar tẹ̀ mí láago pé èrìgì òun ò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́, mo ní kó sọ òtítọ́ ọwọ́ Bàbá Tursunboy fún wọn, ó ní kí n má dá ìjà sílẹ̀ nílé. Èmi tí mo sọ òtítọ́ lọ́dọ̀ dókítà, èmi tí ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi gbà á là, èmi tí Màmá ń dúró tì láràárọ̀ báyìí títí n ó fi fọ eyín tán, èmi ni wọ́n ń pè ní òpùrọ́. Ṣé mo pa irọ́ kankan fún yín látàárọ̀? Ọwọ́ yẹn dúró. Mo rí i. Ẹ gbà mí gbọ́.